Bí ẹ ṣe lè ra mínì fúláàtì láàárín ìgboro Ìkòròdú

Ìkòròdú tí àwọn ajẹ́ntì ń pariwo rẹ̀ tóbi ju Ìkòròdú lọ. Ẹni tó ń ta ilé ní Ìmọ̀ta á ní Ìkòròdú ni, ẹni tó ń tà á lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ á ní Ìkòròdú náà ni. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni mò ń bá yín sọ. Ẹni tí mò ń bá sọ ni ẹni tó fẹ́ mínì fúláàtì, ìyẹn yàrá kan àti pálọ̀, tó ní ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n pín sí fúláàtì, ní ìgboro gan-an: Sábó, Gáréèjì, òpópónà Ayangburẹn, títí dé ìtòsí ààfin àti Ọ̀ta-Ọ̀nà. Bóyá ẹ kò tíì ṣègbéyàwó, bóyá àwọn ọmọ ti dàgbà tí wọ́n ti lọ, bóyá Èkó lẹ ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹ kò sì fẹ́ ra mọ́tò. Ẹ kò fẹ́ odidi pùlọ́ọ̀tì kan níbi tí ọ̀kadà kì í fẹ́ wọ̀ lálẹ́.

Irú ilé báyìí, ìrìn ẹsẹ̀ lẹ ń fowó rà. Bí ìrìn náà kò bá ṣeé rìn, owó ìgboro lẹ san fún ilé ìgbèríko. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

1. Ẹ rìn ín kí ẹ tó wò ó

Ajẹ́ntì á fẹ́ fi mọ́tò gbé yín láti Gáréèjì. Ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ ní kó júwe ilé fún yín, kó lọ dúró dè yín lẹ́nu géètì. "Ẹ̀gbọ́n, kò jìnnà rárá, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín," ni yóò wí. Ó dáa, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bọ́ọ̀sì BRT ti ń gbérò, ẹ wo aago yín, ẹ má sáré, bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni kí ẹ sì wọ̀.

Láti ọdún 2015 tí ọ̀nà BRT ti wọ Ìkòròdú láti Mile 12, ibùdókọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń wọn bí ilé ṣe jìnnà tó. Ẹni tó bá lè fẹsẹ̀ dé ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ owó kẹ̀kẹ́ àlọ àti àbọ̀, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ jíjókòó nínú kẹ̀kẹ́ tó ń dúró de èrò kẹrin kó tó gbéra. Lọ́dún kan, owó kékeré kọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìrìn kan ò tó. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nígbà tí gbogbo èèyàn ń sáré. Ẹ tún lọ lálẹ́ nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù bá ti ń tì, torí iná ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀pọ̀ àdúgbò fi ń ríran. Bí wọ́n bá ti ti ìlẹ̀kùn, òkùnkùn dé nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọjà Sábó kọjá, kí ẹ ra ohun tí ẹ máa ń rà ní ti gidi, iṣu, tòmátì, gàrí, kẹ́ẹ̀gì epo, kí ẹ sì gbé e dé ẹnu géètì láìwọ kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tó dùn rìn lọ́wọ́ òfìfo máa ń yàtọ̀ tí iṣu bá ń fà yín lápá.

Bí ẹ ti ń rìn, ẹ máa wo gọ́tà. Ibi tí wọ́n bá fi síláàbù bò ó, ẹ lè gba orí rẹ̀. Ibi tó bá la ẹnu sílẹ̀, tí àwọn ọlọ́jà sì ti gba etí ọ̀nà, àárín títì lẹ óò máa bá ọ̀kadà dù. Ẹ wo ibi tí ẹ óò ti sọdá. Ẹ wo ilé ìtajà oògùn tó sún mọ́ jù, kí ẹ béèrè aago tí wọ́n ń tì. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá àgbàlagbà tí yóò máa wá bá yín gbé, ẹ rin ọ̀nà ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà náà, kí ẹ rìn ín bí àgbàlagbà.

Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ padà lọ. Ìgboro kò rí bíi Májídùn, níbi tí ìjọba máa ń kìlọ̀ fún àwọn ará ibẹ̀ nígbà tí omi bá ń bọ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, ṣùgbọ́n àwọn àdúgbò tó rẹlẹ̀ wà nínú ìgboro náà. Ajẹ́ntì lè sọ ohun tó bá wù ú. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì, ẹ wá ilà pupa tí ẹrẹ̀ fà síbẹ̀. Bó bá ga dé orúnkún yín, ẹ ti mọ ibi tí omi ń dé.

Èbúté Ìpakodò ńkọ́? Láti ọ̀pọ̀ ibi nínú ìgboro, kẹ̀kẹ́ lẹ óò wọ̀ dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ Falomo tàbí CMS lẹ ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 lọ, ẹ fi owó kẹ̀kẹ́ yẹn kún ìṣirò yín, tàbí kí ẹ kúkú wá ilé lọ sápá Èbúté.

Ohun kan tún wà tí ajẹ́ntì kì í sọ fún àlejò. Ìgboro Ìkòròdú ṣì ń ṣe Orò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde pé Orò Magbo ń jáde, obìnrin kì í jáde síta. Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, pàápàá nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́jà, ẹ béèrè àsìkò rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò kí ẹ lè ṣètò yín sí i. Lójú tèmi, èyí kì í ṣe ìdí láti má ra ilé. Ìlú ló ni àṣà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fowó ra ìrìn ẹsẹ̀ yẹ kó mọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ò ní jáde.

2. Ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, àti ọdún mélòó

Ibí yìí ni owó èèyàn máa ń rì sí jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹni tó ra pùlọ́ọ̀tì ra ilẹ̀. Ẹni tó ra fúláàtì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilẹ̀ kọ́ ló rà. Ẹ̀tọ́ lórí apá kan ilé ló rà, ẹ̀tọ́ náà kò sì lè lágbára ju ti ẹni tó tà á fún un lọ.

Láàárín ìgboro, ilẹ̀ òfìfo ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹbí kan ní ilé àtijọ́, èyí tí páànù rẹ̀ ti pọ́n, tí bàbá bàbá wọn kọ́. Wọ́n á fà á lé dẹfẹ́lọ́pà, ìyẹn ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ kọ́lé tà, lọ́wọ́, òun á wó o, á kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i, wọ́n á sì jọ pín fúláàtì inú rẹ̀. Oríṣi àdéhùn méjì ló wọ́pọ̀, wọn ò sì jọra rárá. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn fúláàtì kan ti di ti dẹfẹ́lọ́pà pátápátá, ó lè tà wọ́n bó ṣe wù ú. Nínú ti èkejì, ńṣe ni ẹbí yọ̀ǹda ilé fún un fún iye ọdún kan kó fi rí owó rẹ̀ gbà padà. Tí ọdún bá pé, gbogbo ilé á padà sọ́wọ́ ẹbí. Bí dẹfẹ́lọ́pà irú èkejì yìí bá ta fúláàtì fún yín, ìwọ̀nba ọdún tó kù fún un nìkan ló lè tà. Ẹ ti san owó onílé, ẹ sì di ayálégbé.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè ìwé àdéhùn láàárín ẹbí àti dẹfẹ́lọ́pà. Bí ajẹ́ntì bá ní, "Ẹ má ṣe wàhálà, àǹtí mi, gbogbo ẹ̀ ti sẹ́tù," ẹ ní kò burú, ẹ ṣáà fẹ́ rí i. Ẹ kà á dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọdún àti ibi tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà fúláàtì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú. Fúláàtì tí wọ́n ń tà fún yín gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ orúkọ ẹni tó ń tà á.

Kí ẹ wá wo àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà. Lábẹ́ òfin, ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò múlẹ̀ rárá. Èyí tí olórí ẹbí dá tà láìfi ti àwọn àgbà ìdílé yòókù ṣe, ilé ẹjọ́ lè dà á nù bí wọ́n bá pẹjọ́. Ẹ béèrè iye ìyàwó tí bàbá tó ni ilé ní, kí ẹ sì rí i pé ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó bá wọn fọwọ́ sí i. Bí ìdí-igi mẹ́ta bá wà tó jẹ́ pé méjì péré ló fọwọ́ sí i, ẹ̀ka kẹta yẹn ni yóò wá bá yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kun ilé lọ́dà. Òótọ́ ni pé ìjọba Èkó ṣe òfin lórí àwọn ajagungbalẹ̀ ní ọdún 2016, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ajagungbalẹ̀. Ẹjọ́ tirẹ̀ lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ló ni ilé tó sì ti ṣaláìsí, pé àwọn tó ń tà á jẹ́ ọmọ rẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ béèrè letter of administration, ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, tí ilé ẹjọ́ gíga fún wọn, tàbí probate, ìwé tí ilé ẹjọ́ fi jẹ́rìí sí ìwé ìpíngún, bó bá ṣe ọ̀kan.

3. Ẹ gbé ìwé dé Àlàúsá

Ẹ gba lọ́yà tiyín, kì í ṣe èyí tí ajẹ́ntì mú wá, kì í sì í ṣe lọ́yà dẹfẹ́lọ́pà tó ní òun á "ṣe é fún ẹ̀yin méjèèjì". Ẹ̀dà ìwé ni kí ẹ gbà, kí lọ́yà yín sì gbé e lọ síbi méjì ní Àlàúsá, ní sẹkitéríàtì ìjọba Èkó.

Àkọ́kọ́ ni ọ́fíìsì Surveyor-General. Nọ́ńbà tó wà lórí súfè, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi wọn ilẹ̀, ni wọ́n á fi wo ibi tí ilẹ̀ náà bọ́ sí: bóyá ìjọba ti gbà á, bóyá ó ti rí excision, ìyẹn pé ìjọba ti yọ̀ǹda rẹ̀ padà fún àwọn onílẹ̀, tí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú gàsẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, bóyá orí ilẹ̀ míì tilẹ̀ ni súfè náà bọ́ sí. Èkejì ni Lands Registry, níbi tí wọ́n á ti rí orúkọ tó wà lórí ilẹ̀, àti bóyá wọ́n ti fi dúró gba owó ní báǹkì, tàbí ẹnì kan ti kọ̀wé pé òun ń jà lé e lórí. Bó bá jẹ́ C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ìní ilẹ̀ láti ọwọ́ gómìnà, ni wọ́n ní, ẹ wo ọdún rẹ̀. Ọdún 99 ni C of O máa ń jẹ́; èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1985 yóò parí ní ọdún 2084. Fún ẹni tó ń ra fúláàtì, ọdún tó kù lẹ ń rà.

Bí ilẹ̀ bá ní C of O tẹ́lẹ̀, rírà tiyín ṣì nílò àṣẹ gómìnà. Abala 22 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ló sọ bẹ́ẹ̀. Màá padà sí èyí.

Ìwé méjì tó kù jẹ mọ́ ilé fúnra rẹ̀. Nínú àwọn àjọ ìjọba Èkó, LASPPPA ló ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé. LASBCA ló ń fúnni ní ìwé pé ilé ti parí, ó sì ṣeé gbé. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́, ẹ dúró sódì kejì títì, kí ẹ ka àjà. Bí ìwé bá sọ pé àjà méjì, tí ilé sì ga dé mẹ́ta pẹ̀lú yàrá kan lókè téńté tí wọ́n ń pè ní penthouse, ẹ máa lọ sílé. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún méjì ló ń ru mẹ́ta yẹn, ẹ ò sì ní fẹ́ wà níbẹ̀.

4. Ẹ wo ilé náà bí ẹni tó fẹ́ sùn síbẹ̀

Mínì fúláàtì kéré. Àbùkù kan tó bá wà níbẹ̀ á máa wò yín lójú lójoojúmọ́. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná àti ti ilé ìwẹ̀ pa pọ̀, kí ẹ sì fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lásìkò yẹn gan-an. Bí omi bá ń kán tótó, tánkì kò ga tó tàbí páìpù kéré. Ẹ wo igun àjà ilé ìwẹ̀: àbàwọ́n aláwọ̀ tíì tó rí róbótó níbẹ̀, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹni òkè ni. Ọ̀dà tuntun lórí igun kan ṣoṣo, nígbà tí ìyókù ògiri ti ṣá, ni kí ẹ fura sí jù.

Ẹ ṣí fèrèsé yàrá. Ọ̀pọ̀ ilé ìgboro ló fẹ̀yìn ti ara wọn débi pé ẹ lè na ọwọ́ kan ògiri aládùúgbò. Ooru oṣù kẹta á pa yín níbẹ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ á sì máa wọlé tọ̀ yín. Èmi á kúkú ra èyí tí pálọ̀ rẹ̀ kéré tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ títì, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀.

Àjà wo ló dáa? Ìsàlẹ̀ rọrùn fún ẹrù àti fún eékún, ṣùgbọ́n ẹ gbóòórùn sọkawéè, kòtò omi ìdọ̀tí ilé, kí ẹ tó gbà, kí ẹ sì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri bóyá ó tutù. Òkè ní atẹ́gùn, òòrùn páànù sì ń bẹ níbẹ̀. Àárín ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Bó bá ti wá dà bíi pé ẹ máa rà á, ẹ san owó fún ẹnjiníà kan kó wá wo òpó, bíìmù àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń dán ohun èlò ìkọ́lé wò tún lè yẹ ilé tó ti dúró wò láìwó ohunkóhun níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tí ilé ti máa ń wó, owó yẹn ò pọ̀ jù.

5. Ohun tí ẹ jọ ní

Kànga ẹ̀rọ, tánkì, sọkawéè, géètì, iná àgbàlá, àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òrùlé. Gbogbo yín lẹ jọ ni ín, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kan ìlẹ̀kùn ẹnì kan tó ti ń gbé ilé náà, ẹ kí i dáadáa, "Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín." Ẹ béèrè ẹni tó ń gba owó ìtọ́jú ilé, èló ni lóṣù, àwọn mélòó ni kì í san, àti ìgbà tí pọ́ǹpù bàjẹ́ kẹ́yìn, ta ló tún un ṣe. Màmá tó bá ti ń gbé ilé náà fún ọdún méjì á sọ fún yín ju ohun tí ìwé ajẹ́ntì kankan lè sọ.

Ẹ rí mítà tó jẹ́ ti fúláàtì yín nìkan, kí ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀, kí wọ́n ra tókìnnì kékeré sí i lójú yín. Bí gbèsè bá wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa hàn. Ẹ béèrè ìpele iná tí àdúgbò wà. Band A, ìpele tó ga jù, ló yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, òun náà ló sì gbówó lórí jù. Àmọ́ àwọn ará ilé ló mọ iye wákàtí tó ń dé.

6. Owó

Ẹ wá iye tí wọ́n ta fúláàtì mìíràn nínú ilé kan náà tàbí ilé tó tẹ̀lé e. Iye tí àwọn ajẹ́ntì kọ sórí Facebook, iye tí wọ́n fẹ́ ni. Kì í ṣe iye tí wọ́n gbà. Bí ẹ kò bá ní mọ́tò, ẹ sọ ọ́ síta, kí ẹ fi àyè ìgbọ́kọ̀sí dúnàádúrà.

Ẹ fi owó lọ́yà àti ti ajẹ́ntì kún ìnáwó yín. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ló wọ́pọ̀, ó sì ṣeé bẹ̀bẹ̀ sí. Kí ẹ tó fún ajẹ́ntì ní kọ́bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ LASRERA, àjọ tó ń mójú tó òwò ilé ní Èkó, bóyá ó forúkọ sílẹ̀. Owó ilé fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ajẹ́ntì kọjá. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lórí ìwé ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì kọ ohun tí owó wà fún sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ tó bá ti ń dá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí National Housing Fund, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lè bẹ̀rẹ̀ ìwé owó yíyá ní Federal Mortgage Bank nípasẹ̀ báǹkì mọ́gééjì. Èlé rẹ̀ kéré gan-an sí ti báǹkì oníṣòwò. Wọn kò ní yá yín lórí ilé tí ìwé rẹ̀ kò pé, èyí tún jẹ́ ọ̀nà míì láti mọ̀ bóyá ìwé náà dáa.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ti ìgboro lè wo LagosHOMS, àwọn ilé tí ìjọba Èkó kọ́, ní Ìgbógbó. Nínú ètò rent-to-own tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lẹ óò kọ́kọ́ san, ẹ óò sì san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 10. Ìwé ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ óò máa wọ kẹ̀kẹ́ dé Gáréèjì.

7. Ìwé ìkẹyìn àti kọ́kọ́rọ́

Deed of sublease (ìwé tó fúnni ní ẹ̀tọ́ fún iye ọdún kan) tàbí deed of assignment (ìwé tó gbé gbogbo ẹ̀tọ́ ẹni tó ń tà á fúnni) ni wọ́n máa ń kọ fún fúláàtì. Irú ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ń tà á ní ló ń sọ èyí tó bá a mu. Ẹ rí i pé nọ́ńbà fúláàtì, àjà tó wà, iye ọdún, ẹ̀tọ́ láti gba ẹnu géètì àti àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọlé, ẹ̀tọ́ sí omi, àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ìtọ́jú wà nínú rẹ̀ ní kíkọ. Ohun tí wọ́n bá fi ẹnu ṣèlérí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ gómìnà. Ẹ má jẹ́ kó di "tó bá yá". Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi deed sínú àpótí fún ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n bá wá fẹ́ tà á, ẹni tó fọwọ́ sí i ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń béèrè owó ìfọwọ́sí tuntun. Ẹ gba ìwé tí dẹfẹ́lọ́pà ní láti fún yín kí ẹ fi gba àṣẹ yìí, títí kan ẹ̀dà C of O àti ẹ̀rí owó orí rẹ̀, kí ẹ tó san owó tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí ẹ bá san tán, kò ní máa tètè gbé fóònù mọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ pààrọ̀ àgádágodo. Ẹ gba rìsíìtì Land Use Charge, owó tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ilé lọ́dọọdún, ti ọdún tó kọjá lọ́wọ́ wọn, torí gbèsè rẹ̀ ń tẹ̀lé ilé ni, kì í tẹ̀lé ẹni tó ta ilé. Orúkọ orí bíìlì náà àti orí mítà kì í yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀dà deed lọ sí ọ́fíìsì Land Use Charge àti ti iléeṣẹ́ iná láàárín oṣù yẹn.